Níbo ni Ẹnìkejì Rẹ Wà? Àlàyé lórí Eré Ìje Orí Òkè fún Ẹni Méjì

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ó tó yé mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pinnu láti sáré láti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Èkó ní Akọkà dé pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Súrùlérè. A jọ gbéra ni. Nígbà tí a dé Yábàá, ẹsẹ̀ yá mi, mo sì fi í sílẹ̀. Mo dé ẹnu géètì pápá náà, mo fọwọ́ lé ìbàdí, inú mi ń dùn pé mo ti ṣẹ́gun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún ìṣẹ́jú kọjá, n kò rí ẹnìkejì mi. Ni mo bá padà sẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Tejúoṣó ni mo ti bá a tí ó jókòó sórí àpótí, tí pajápajá ti mú un lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ń ta àkàrà ni ó fún un ní omi mu. Ìyá náà kò bú mi. Ohun tí ó wí kò ju èyí lọ: "Ìwọ ni mo ń béèrè láti ìgbà tí ó ti jókòó síbí. Mo ní, 'Ọmọ mi, níbo ni ẹnìkejì rẹ wà?' Kò mọ èsì tí yóò fún mi."

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ní Tejúoṣó, omi wà, ènìyàn wà, ọkọ̀ danfo wà. Bí ènìyàn bá ṣubú níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọwọ́ ni yóò gbé e dìde. Ibì kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé bí ẹnìkejì ẹni bá lọ, ó ku òkúta àti kùrukùru. Orí òkè gíga ni ibẹ̀. Eré sísá lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, pàápàá eré tí ẹni méjì jọ ń sá, ni mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa nínú ìwé wa ti ọdún yìí.

ÒKÈ TÍ Ó SÚN MỌ́ WA JÙ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí eré orí òkè gíga jẹ́ kò nílò láti ronú kan Yúróòpù. Òkè Kamẹrúùnù wà nítòsí wa. Etí òkun ni ó wà, ìlú Bùéà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fákò ni orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é. Gíga rẹ̀ lé ní 4,000 mítà, kò sì sí òkè mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó ga tó o. Òkè tí ń yọ iná ni. Ó yọ iná ní 1999, ó tún yọ ọ́ ní 2000. Bùéà kì í ṣe ìlú àjèjì sí ìtàn wa, nítorí kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì a máa ṣe àkóso agbègbè náà pọ̀ mọ́ ti Nàìjíríà. Ní 1961 ni àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé àwọn yóò bá Kamẹrúùnù lọ.

Láti 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje lórí òkè yìí. Iléeṣẹ́ Guinness ni ó kọ́kọ́ ń náwó sí i. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ ní Eré Ìje Ìrètí. Láti pápá ìṣeré Molyko ní Bùéà ni wọ́n ti ń gbéra. Wọn yóò gba orí ọ̀dà, wọn yóò la oko kọjá, wọn yóò wọ inú igbó kìjikìji, wọn yóò jáde sí ọ̀dàn tí ó gẹ̀rẹ́ bí ògiri, wọn yóò sì gun orí àpáta tí iná inú ilẹ̀ ti yọ́ rí, títí wọn yóò fi dé ṣóńṣó orí òkè. Lẹ́yìn náà, wọn yóò yípadà, wọn yóò sì sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n ti gbéra, ní ọjọ́ kan náà. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 40 kìlómítà. Gíga tí wọ́n ń gùn lé ní 3,000 mítà. Bí a bá fi mítà mẹ́ta ṣe ìwọ̀n àjà kan nínú ilé alájà púpọ̀, ẹni tí ó sá eré yìí ti gun ilé alájà ẹgbẹ̀rún kí ó tó di ọ̀sán, ó sì ti tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìlú Bùéà ni Sarah Etonge ti wá, obìnrin tí ó borí nínú eré yìí lẹ́ẹ̀méje, tí wọ́n fi ń pè é ní ayaba orí òkè. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré orí òkè Ọbúdú ní Ìpínlẹ̀ Cross River ní 2005. Èyíinì kò ju nǹkan bí 11 kìlómítà lọ, gígùn ni wọ́n sì ń gùn ún láìsọ̀kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ó parí sí kò ju nǹkan bí 1,600 mítà lọ. Eré gidi ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi wé Fákò, ọmọ kékeré ni.

Ní Bùéà, olúkúlùkù ni ó ń sá ti ara rẹ̀, àfi àwọn tí ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ibòmíràn ni wọ́n ti sọ eré ẹni méjì di òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1968 ni wọ́n ti ń sá eré orí òkè ọlọ́jọ́ méjì kan, tí ẹni méjì yóò gbé àgọ́ àti oúnjẹ wọn sẹ́yìn, tí wọn yóò sùn sórí òkè, tí wọn yóò sì jọ dé. Ní 2005 ni èkejì bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó la àwọn òkè Alps kọjá láti Jámánì dé Ítálì fún ọjọ́ mélòó kan. Òfin ibẹ̀ ni pé àwọn méjì kò gbọdọ̀ fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ jìnnà sí ara wọn. Ẹ kíyè sí òfin náà dáadáa. Kò sọ pé kí ẹni tí ó yára dúró de ẹni tí kò yára ní ìparí eré. Ó ní kí wọ́n jọ máa rìn ni.

OHUN TÍ ÒKÈ Ń ṢE SÍ ARA

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àpò gààrí ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá to ogún àpò léra wọn ní ọjà Múṣin, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni gbogbo ìyókù tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni ó le jù. Èyí tí ó wà lókè kò ní ohun tí ó tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ rí. Àwa tí a wà ní Èkó, létí òkun, ìsàlẹ̀ pátápátá ni a wà. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú ki. Bí a bá ti ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fúyẹ́. Nígbà tí a bá fi dé 4,000 mítà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó wà nínú èémí kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tí ó wà nínú èémí kan ní Yábàá. Ọ́síjìn yìí ni iṣan àti ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọkàn yóò máa sáré, èémí yóò máa yára, ẹsẹ̀ yóò sì wúwo, bí ó ti wù kí ènìyàn lágbára tó.

Òtútù tún wà níbẹ̀. Ní gbogbo ẹgbẹ̀rún mítà tí a bá gùn, ìgbóná ojú ọjọ́ a máa dín ní ìwọ̀n bí 6 Celsius. Bí ó bá jẹ́ 30 ní Èkó, ó lè má ju 5 lọ lórí Fákò, kí a tó ka ti afẹ́fẹ́ líle. Ẹni tí ó fi ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gòkè nínú òógùn yóò gbọ̀n bí ewé.

Ara lè kọ́ bí a ti í gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Kíndìnrín yóò ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni èyí ń gbà, kì í ṣe ọjọ́ kan. Èyí wà lára ohun tí àwọn kan fi ń ṣàlàyé ìdí tí àwọn ará Etiópíà àti Kẹ́ńyà tí a bí sórí òkè fi máa ń borí àwọn tí ó ti ìsàlẹ̀ wá.

Bí ènìyàn bá kọjá 2,500 mítà, àìsàn orí òkè lè mú un: orí fífọ́, èébì, òòyì àti àárẹ̀. Ó máa ń tó wákàtí mélòó kan kí ó tó hàn, nítorí náà ẹni tí ó gun Fákò tí ó sì tètè sọ̀kalẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn sókè, tàbí tí ó ń sá eré ọlọ́jọ́ púpọ̀, kò ní irú àǹfààní yẹn. Àìsàn náà ní ẹ̀gbọ́n méjì tí ń pa ènìyàn. Ọ̀kan ń mú kí omi gbá sínú ẹ̀dọ̀fóró: ẹni náà yóò máa wúkọ́, èémí kò ní délẹ̀ bí ó tilẹ̀ jókòó. Èkejì ń mú kí ọpọlọ wú: ẹni náà yóò máa rìn bí ọ̀mùtí, yóò sì máa sọ̀sọkúsọ. Oògùn àkọ́kọ́ fún méjèèjì ni kí a sọ̀kalẹ̀ kíá, kí a má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ọpọlọ tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé ara òun kò yá ni òkè ń kọ́kọ́ kọlù. Ọ̀mùtí kì í mọ̀ pé òun ti yó. Ẹlòmíràn ni yóò sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òkè ti mú. Yóò máa ní, "Kò sí nǹkan, jẹ́ kí á máa lọ." Àfi ojú ẹnìkejì nìkan ni ó lè gbà á. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ lásán ni a fi ń mú ẹnìkejì lọ sórí òkè. Òun ni ọpọlọ wa tí ó kù.

KÍ Á MỌ IRÚ Ẹ̀JẸ̀ TÍ Ó WÀ LÁRA WA

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé àwọn òyìnbó lórí eré òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́, tí ó sì kan àwa gan-an. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó sún mọ́ kí ọ̀kan ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, púpọ̀ nínú wọn sì ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́, tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí omi ara sì ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí bìrí. Ìrora gbígbóná ní ìhà òsì, lábẹ́ egungun ìhà, lè jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá rí àmì yìí kò gbọdọ̀ sọ pé inú ń run òun lásán. Ní ti ẹni tí ó jẹ́ SS, tí a ń pe àìsàn rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀la-dìde, irú òkè yìí kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ó sáré lọ.

Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni ní apá ọ̀dọ̀ wa láti má mọ ti ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ibùdó ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde sì kọjú sí i. Kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò, kí o sì sọ èsì rẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ kí ẹ tó gbéra. A kì í tọ́jú irú ọ̀rọ̀ yìí sínú fún ẹni tí yóò gbé ni sọ̀kalẹ̀.

TÁYÉWÒ ÀTI KẸ́HÌNDÉ

Báwo wá ni ẹni méjì ṣe ń sáré lórí òkè? Ọgbọ́n rẹ̀ wà nílé wa láti ọjọ́ pípẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé Táyéwò ni ó kọ́kọ́ jáde wá tọ́ ayé wò, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé tí ó gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán an níṣẹ́. Lórí òkè náà, ẹni iwájú ni ìránṣẹ́, ẹni ẹ̀yìn ni àgbà. Ipò ẹ̀yìn kì í ṣe ipò ìtìjú.

Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, kí ẹni tí kò yára wà níwájú, kí ẹni tí ó lágbára wà lẹ́yìn. Ìrìn ẹni iwájú ni àwọn méjèèjì yóò máa rìn, ẹni ẹ̀yìn yóò sì máa wo bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Bí a bá yí i padà, ẹni tí ó lágbára yóò lọ, yóò wẹ̀yìn nígbà tí ó bá wù ú, ó sì lè jẹ́ òfìfo ni yóò rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi ní ọjọ́ Tejúoṣó. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹni tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá lọ síwájú láti tọ́ ọ̀nà wò, kí ẹnìkejì fi àyè sílẹ̀, kí ó má sì wà lókè orí rẹ̀ tààrà, kí òkúta tí ó bá yí má baà bà á.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fẹnu kò sí ohun mẹ́ta. Èkínní, bí ọ̀kan nínú yín bá ní "Ó tó," ó ti tó. Ẹnìkejì kò gbọdọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì, ẹ dá àkókò kan tí ẹ óò yípadà bí ẹ kò bá tíì dé orí òkè, nítorí òkùnkùn àti kùrukùru kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó lágbára gbé ẹrù tí ó pọ̀ jù, kí agbára yín lè dọ́gba.

Ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, ẹ bi ara yín léèrè: Orí ńkọ́? Inú ńkọ́? Nígbà wo ni o jẹun kẹ́yìn? Nígbà wo ni o tọ̀ kẹ́yìn? Bí ìdáhùn bá ń falẹ̀, tàbí tí kò bá ìbéèrè mu, ní kí ó rìn lórí ìlà tóóró kan, kí gìgísẹ̀ máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, eré ti parí nìyẹn. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń bá olùkọ́ rẹ̀ sáré, tàbí tí àbúrò ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré, ọ̀wọ̀ lè di ewu. Ọmọdé lè rí i pé ẹsẹ̀ àgbà kò dúró mọ́, kí ó sì máa tijú láti wí. Nítorí náà, àgbà ni kí ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Kí ó sọ pé, "Lórí òkè yìí, mo fún ọ láṣẹ láti dá mi dúró." Kí ọmọdé sì lè sọ pé, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Ìrìn yín ti yàtọ̀." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

ÌGBÁRADÌ NÍ ILẸ̀ PẸRẸSẸ

Ẹlòmíràn lè béèrè pé báwo ni ará Èkó, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ bí ẹní, yóò ṣe múra fún òkè. A kò lè rí afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ ní Múṣin, ṣùgbọ́n a lè kọ́ ẹsẹ̀. Àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó dábùú ojú ọ̀nà Ìkòròdú ní Fádèyí àti Onípanu ní àtẹ̀gùn. Ní ìdájí, kí èrò tó pọ̀, ènìyàn lè gùn wọ́n lọ, gùn wọ́n bọ̀. Àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀ náà dára. Ní ìsinmi, ẹ lọ sí Ìdánrè, kí ẹ gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta.

Ẹ má gbàgbé ìsọ̀kalẹ̀. Púpọ̀ nínú wa rò pé gígun ni iṣẹ́, pé sísọ̀ jẹ́ ìsinmi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ń na bí ó ti ń gbé wa ró, èyí sì ń fà á ya díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá ti fi kọ́ra, orúnkún rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ibẹ̀ sì ni kókósẹ̀ ti ń yẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ṣe ìgbáradì yìí. Láàárín oṣù mélòó kan, ẹ óò mọ bí ẹnìkejì ti ń mí nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ẹ óò mọ̀ bí ó bá ń purọ́ pé kò rẹ òun. Ẹ mú omi, iyọ̀, ṣúgà, ẹ̀wù òtútù, ẹ̀wù òjò, tọ́ọ̀ṣì àti fèrè dání. Kí ẹ tó ronú ìrìn-àjò sí Bùéà, ẹ béèrè bí ìlú ti rí pẹ̀lú, nítorí wàhálà òṣèlú ti wà ní agbègbè náà láti 2016. Ní oṣù kejì 2023, ohun abúgbàù ṣe àwọn sárésáré léṣe lórí eré Fákò gan-an. A kì í fi ìfẹ́ eré pa ojú dé sí ewu.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ọ̀rẹ́ mi tí mo fi sílẹ̀ ní Tejúoṣó ṣì ń bá mi sáré. Láti ọjọ́ náà, òun ni ó máa ń wà níwájú, èmi a wà lẹ́yìn. A kì í yára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a jọ ń dé ni. Nígbà tí a bá kọjá níwájú ìyá alákàrà náà, a ó kí i pé, "Ẹ kú òwò o, Mà." Yóò wo iwájú, yóò wo ẹ̀yìn, yóò ka wá ní ení, èjì, yóò sì rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá gun òkè lọ́la, ì báà jẹ́ Ìdánrè, ì báà jẹ́ Fákò, ẹni tí ó bá pàdé yín lọ́nà kò gbọdọ̀ ní ìdí láti béèrè ohun tí ìyá yẹn béèrè. Ibí yìí ni mo ti fìdí ọ̀rọ̀ mi jókòó. Ire o.